Ọkà Bàbà Tí Mo Fọ̀ ní Ẹ̀ẹ̀mẹta

Kí n tó sọ bí mo ṣe fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ sókè níbí kí ẹnikẹ́ni má baà kà á dé ìdajì kó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Ẹ rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá wà, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ má káàánú mi.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì títí àga fi mọ̀ mí ju olùkọ́ lọ, mo sì jáde kí àga náà tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹnu ni Ọlọ́run fi dí i fún mi. Tí mo bá ní òjò rọ̀, ẹ mọ̀ pé ìrì ló sẹ̀. Tí mo bá ní ẹgbẹ̀rún èèyàn wà níbẹ̀, ẹ ka mẹ́rin, kí ẹ sì yọ èmi kúrò nínú rẹ̀.

Wọ́n pè mí wá sí ọgbà ìṣẹ̀dá àdúgbò wa kí n wá jó géètì wọn tó já. Ilẹ̀ kan ni, lẹ́yìn ilé ìkàwé, tí àwọn ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ dá sí fún igi àti ẹyẹ, tí wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí, tí wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn kan sí fún àwọn tó bá fẹ́ kọ́ nípa ewé àti kòkòrò. Níwájú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn òdòdó kan wà tó fẹ̀ tó yàrá mẹ́rin, wọ́n ń dán bí aṣọ ìyàwó. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sáàárín wọn, ó ń hú wọn bí ẹni ń fa irun ọ̀tá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òdòdó wọ̀nyí fi ṣe yín?" mo bi í.

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Wọn ò wúlò fún ẹyẹ ni." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àlejò ni wọ́n. Kòkòrò ibí ò mọ̀ wọ́n, kò lè jẹ ewé wọn. Tí kòkòrò ò bá sí, kí ni ìyá ẹyẹ fẹ́ fi bọ́ ọmọ? Ẹwà wọn?"

"Kí lẹ wá fẹ́ gbìn?"

"Àwọn ọmọ onílẹ̀. Koríko tó ń so wẹ́wẹ́, igi ọ̀pọ̀tọ́, àwọn igi kéékèèké tí àwọn bàbá wa mọ orúkọ wọn. Ẹyẹ á wá jẹun fúnra rẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Tó bá yá."

Ìgbà yẹn ló gbójú sókè. Erùpẹ̀ wà nímú rẹ̀. Ọkàn mi já láti ibi tí Ọlọ́run gbé e kọ́, ó bọ́ sínú bàtà mi, ó fọ́ yángá. Títí dòní mi ò tíì rí gbogbo rẹ̀ ṣà tán.

Gbogbo ọgbà ló ń pè é ní Ìyá Irúgbìn, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ, torí ó máa ń bá èèhù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Aláwò, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ ni bàbá yìí máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú awò olójú méjì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, á máa kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí sínú ìwé. Àbúrò bàbá náà obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí àlejò ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ìdílé kan, ó wá di pé ìkan ń gba èèyàn wọlé, ìkan ń gbin igi, ìkan ń ka ẹyẹ.

Mo fa iṣẹ́ géètì ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ọwọ́ tó máa ń yún mi yún mi. Mo fi àjákù irin jó ẹyẹ kan, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́rin kùn ún, mo gungi lọ gbé e há ẹ̀ka. Bàbá Aláwò wo ẹyẹ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ẹyẹ àjèjì. Onísùúrù. Kì í mira." Lọ́jọ́ kẹrin ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọgbà jọ, ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó nawọ́ sókè. Ibẹ̀ ni mo ti sọ òkò lu ẹyẹ náà: gbàǹgàn!

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn débi tí ọkùnrin kan fi wábi jókòó. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ilà sórí ohun tó kọ nípa ẹyẹ náà, ó pa ìwé rẹ̀ dé jẹ́jẹ́. Mo rí ilà yẹn. Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu.

"Ogójì ọdún ni bàbá mi fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," Ìyá Irúgbìn wí fún mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Gbogbo ohun tí wọ́n ní báyìí ò ju ojú wọn lọ, kí ohun tí wọ́n bá rí ṣáà jẹ́ òótọ́. O sì fi ṣeré."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Dìde." Ohùn wọn tutù ju omi inú kànga lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe sọ pé màá bá wọn gbẹ́lẹ̀ ibi tí Ìyá Irúgbìn fẹ́ gbin oúnjẹ ẹyẹ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbẹ́lẹ̀ débi pé bí mo bá tún fi ọkọ́ kan sí i, èmi àti àwọn ará ìsàlẹ̀ ayé lè kíra. Mo jó àwo irin tí ẹyẹ á ti máa mu omi. Ìyá Irúgbìn ń gbìn, èmi ń bomi. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka wọn ìjìnlẹ̀ ihò, bí wọ́n ṣe ń tẹ erùpẹ̀ mọ́ gbòǹgbò láìfún un lọ́rùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi wà.

"Ìwọ wẹ́dà yìí," Àǹtí wí fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, "ẹnu tó ń dà bí omi ẹ̀rọ, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló wá gbẹ?"

"Ọ̀rọ̀ wo, Àǹtí?"

"Tún bi mí, kí n fi bírò yìí gún ọ."

"Àǹtí, ẹ bá mi bá bàbá sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, wọ́n á máa wo òkè bóyá mo tún há nǹkan sígi."

Àǹtí bá mi sọ ọ́. Wọ́n pè mí wá sí pálọ̀ bàbá, níbi tí ìwé ẹyẹ ti tò láti ilẹ̀ kan àjà, tí aago ara ògiri ń lù bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìyá Irúgbìn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Wẹ́dà, mi ò kórìíra rẹ," bàbá wí. "Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọmọ mi máa jí láràárọ̀, kó máa bi ara rẹ̀ pé èwo ni òótọ́ nínú ohun tí ọkọ òun sọ lánàá."

Mo fẹ́ dá àpárá. Mo wá a, mi ò rí i.

"Ogún ẹyẹ," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n máa jẹun nínú ọgbà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbìn, kí n fi ojú mi rí i. Mi ò dá ọjọ́ fún ọ."

"Bàbá mi," Ìyá Irúgbìn wí, "ṣé ẹyẹ ló fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dúró de nǹkan ni."

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Koríko ọmọ onílẹ̀ yẹn ò mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ gbéyàwó. Ó ń dàgbà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Láràárọ̀ mo máa ń dúró tì í, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣojú àánú." Ẹyẹ mẹ́rin lónìí, mẹ́fà lọ́la. Ọjọ́ kan ó di mọ́kàndínlógún! Bàbá gbé awò sójú, èmi dì mọ́ igi, mi ò mí, bí ológbò kan ṣe yọjú láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nìyẹn. Gbogbo wọn fò lọ. Bí wọ́n bá fún mi ní ológbò yẹn lọ́jọ́ náà, ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa kọ ìtàn yìí.

"Ó kù díẹ̀," Ìyá Irúgbìn máa ń sọ. "Tí koríko yìí bá gbó, wàá rí i."

"Nígbà wo?"

"Oṣù méjì sí mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta! Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń yan ilé ìwé fún ọmọ wọn kẹta."

"Wẹ́dà," ó rẹ́rìn-ín, "ṣé mo ń sá lọ ni?"

Ó yẹ kí gbólóhùn yẹn tó mi. Olóríire èèyàn á fi sùn, á fi jí. Kò tó mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ jó ilẹ̀kùn fún ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Ìdajì àpò ọkà bàbà wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pọ́n bí ètè ọmọge tó ń lọ ya fọ́tò. Mo ní kó fún mi. Ó ní, "Mú un, ṣùgbọ́n fún gbígbìn ni o." Mo ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀." Kí ni mo mọ̀? Mo rò pé ohun tó ń sọ ni pé kò dùn ún jẹ. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ wà lára àpò náà bí ẹsẹ̀ èèrà. Mi ò kà á.

Àwọn àgbẹ̀ inú yín ti gbọ́wọ́ lérí báyìí. Oògùn kòkòrò ni wọ́n fi po ọkà yẹn kí nǹkan má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀, àwọ̀ pupa náà ni wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún èèyàn. Èmi rò pé Bàbá Aláwò á rí pupa yẹn láàárín koríko. Mo da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú korobá, mo fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí díẹ̀, mo sì yin ara mi pé mo gbọ́n. Ìkìlọ̀ ni mo fọ̀ dànù. Oògùn ò kúrò.

Lójú mi kì í ṣe irọ́ nígbà yẹn. Mo kàn fẹ́ ran koríko lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Bí àárọ̀ Sátidé ṣe mọ́, mo fọ́n ọn káàkiri ìdí àwọn koríko, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì bàbá bí ẹni mímọ́.

Ẹ wò ó, ojú ọ̀run ṣú! Àdàbà, ẹ̀ga, ológoṣẹ́. Àwọn tó wà ní ìlú kejì pa ilé tì, wọ́n gbé ìyá wọn àgbà pọ̀n wá. Kí n má parọ́: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé awò sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà.

"Ọmọ mi," wọ́n pè mí. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu wọn. "Mo ti ṣì ọ́ kà."

Ìyá Irúgbìn wo ẹyẹ, ó wo koríko, ó fajú ro díẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò tíì gbó o…"

"Ṣé o fẹ́ bá ẹyẹ ṣẹjọ́ ni?" Àǹtí pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ bá mi mú ọjọ́ ìgbéyàwó!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú lójú bàbá rẹ̀. Ọwọ́ náà gbóná. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi, mi ò sì fà á kúrò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti dá oṣù tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo bá Ìyá Irúgbìn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn. Òkú ẹyẹ wà lórí ilẹ̀, ó ti tò wọ́n bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Mọ́kànlá. Àdàbà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún.

"Èyí ṣì ń mí," ó wí. "Wẹ́dà, wò ó, ṣé ó ṣì ń mí?"

Kò pẹ́ tí kò mí mọ́. Èyí mú un di méjìlá. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Pẹ̀lẹ́! Ẹni tó dáná sunlé ló ń kí onílé.

Mo sáré lọ bá ọlọ́jà irúgbìn. Ó wo ojú mi, ó dìde. "Ṣé èèyàn jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹyẹ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún ọ pé fún gbígbìn ni."

Nígbà tí mo fi padà dé ọgbà, ìgbìmọ̀ ti jókòó. Wọ́n ní ó dájú pé ọ̀kan nínú igi tí Ìyá Irúgbìn hú wá láti inú igbó ló ní májèlé. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n dá òdòdó àlejò padà. Bàbá ń ṣí ìwé, wọ́n ń pa á dé. "Kò sí nínú ìwé pé igi wọ̀nyí ń pa ẹyẹ," bàbá wí, "ṣùgbọ́n ojú mi rí òkú." Wọn ò wo ọmọ wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó láàárín àwọn ìkòkò èèhù, kò bá ìkankan sọ̀rọ̀. "Bóyá mi ò mọ iṣẹ́ yìí," ó wí fún mi. "Bóyá kí n fi í sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ májèlé fún wọn, mo ní kí wọ́n wá jẹun."

Ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, "Sinmi díẹ̀."

Àǹtí ni mo lọ jẹ́wọ́ fún. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹni tó fún mi."

"Ó dáa. Panu mọ́. Ọgbà lè tún hù, ọkọ kì í hù. Fẹ́ ẹ tán ná. Tí ẹ bá bí ọmọ méjì, kí o wá rọra sọ ọ́ bí ẹni ń rọ́ àlá."

"Àǹtí, ó ń sunkún."

"Ẹkún kì í pa èèyàn. Bí o bá sọ ọ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ò ní fún ọ. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú títí di alẹ́, mo fi ìbòjú wẹ́dà bojú, kò sí iná lọ́wọ́ mi. Oníbàárà kan ní kí n dá àpárá kan fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, mo gbàgbé ìparí rẹ̀. Èmi! Èmi tí mo pa èèyàn lẹ́rìn-ín nílé ọ̀fọ̀!

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbogbo ìgbìmọ̀ dúró, àwọn ará àdúgbò wà níbẹ̀. Ìyá Irúgbìn gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. "Èmi ni mo gbìn ín," ó wí, "èmi ni màá hú u." Ó ki ṣọ́bìrì bọ ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ kékeré tí a jọ gbìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbòǹgbò kan já, mo gbọ́ ọ.

"Ẹ dúró!" mo kígbe. "Èmi ni mo pa wọ́n!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn tẹ̀ lé e. "Aláwàdà ti dé," wọ́n wí. "Lónìí náà?" Mo ń búra, ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Bàbá Aláwò gbé ọwọ́ sókè kí ariwo lè dákẹ́.

"Wẹ́dà, má fi ìfẹ́ parọ́. Jẹ́ kí ọmọ mi ru ohun tó jẹ́ tiẹ̀."

Ìyá Irúgbìn wò mí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. "O ṣeun," ó wí. "Má gba tèmi rù."

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Bí wọ́n bá fi irin gbígbóná lé mi láyà, mi ò ní mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìyẹn. Mo fa àpò náà yọ lábẹ́ ẹ̀wù, níbi tí mo fi í pamọ́ sí láàárọ̀ láìmọ ìdí, ìyókù ọkà pupa dà sílẹ̀. Mo na àpò sí bàbá. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n kà á sókè bí ẹni ń kàwé fún kíláàsì: "Fún gbígbìn nìkan. Èèyàn, ẹran àti ẹyẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́." Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, ohùn wọn sì wálẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" Ìyá Irúgbìn bi mí.

"Ọjọ́ Ajé."

"Kó o tó di èjìká mi mú, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ló dá mi lójú. Ṣùgbọ́n mo ti fura kí n tó dì í mú."

"Níjẹta tí mo ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"O ní kí n sinmi díẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ da erùpẹ̀ padà sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé ṣọ́bìrì fún mi. "Gbogbo ibi tí o fọ́n ọn sí, wa erùpẹ̀ ibẹ̀ kúrò. Má bá mi sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Oṣù tí wọ́n dá wá, ó sì kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wa erùpẹ̀ yẹn, tí mo fi ṣa ọkà jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tí mo fi ru ilẹ̀ tuntun wọlé. Kò sí àsọdùn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Nígbà tí mo parí, bàbá wá dúró tì mí.

"Iṣẹ́ kan ṣì kù," wọ́n wí. "Ní gbogbo Sátidé, wàá dúró síbí, wàá sọ fún àwọn àlejò ohun tí o ṣe. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, àbí òun?"

"Òun ni. Tèmi ni kí n jókòó síbí, kí n máa gbọ́ bóyá o fi kún un."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń sọ òótọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, òógùn bò mí. Sátidé kẹsàn-án, ó ṣì ń bò mí. Koríko gbó láàárín rẹ̀, ó so, ó tẹrí ba. Ẹyẹ ń bọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jà sí àwo omi. Bàbá ń kà wọ́n. Mi ò bi wọ́n bóyá ó pé ogún. Mi ò ní ẹnu rẹ̀. Ìyá Irúgbìn ń gbin èèhù lẹ́yìn wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sí mi.

Sátidé tó kọjá yìí, mo dé ibi tí mo ti di èjìká rẹ̀ mú. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn àlejò dá mi dúró.

"Ọmọ yìí, ọmọbìnrin náà ńkọ́? Ṣó padà fẹ́ ọ?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró de àpárá. Mo wo ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà," mo wí.

Ariwo ìkòkò èèhù dákẹ́ lẹ́yìn mi. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù sára aṣọ iṣẹ́, ó sì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà náà, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi náà ò tíì mọ̀, Màmá," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ti ní kí bàbá mi yéé bá mi dáhùn pé rárá fún ẹni tó bá bi wọ́n. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Bàbá ṣí ìwé, wọn ò kọ nǹkan kan. Mo yíjú sáwọn àlejò, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti sọ pé "Pẹ̀lẹ́."